Iná check engine Corolla 2005 kò kú, P0171 ló ń gbé jáde: ṣé kí n ra O2 sensor?

ỌmọApáta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Corolla 2005 ni, ẹ́ńjìnnì 1ZZ, gíà ọ́tò. Iná check engine tàn, kì í ṣẹ́jú, ó kàn dúró gbọn-in ni. P0171 nìkan ni scanner rí. Láàárọ̀ kùtù tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì, slow rẹ̀ (bó ṣe ń yí láìtẹ ẹsẹ̀ sí i) á máa lọ sókè sódò láàárín 500 sí 900 RPM (iye ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan), bíi kó kú. Tó bá gbóná tán, ara rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó ṣì máa ń gbọ̀n tí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lórí eré, kò sí wàhálà kankan.

Mẹkáníìkì ní kí n ra O2 sensor. Réwáyà ní kí n tú orí bátìrì. A tú u, iná náà kú, ó padà tàn lọ́jọ́ kẹta. Pílọ́ọ̀gì àti air filter ṣì tuntun. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó lọ náwó ní ọjà spare parts Agodi Gate, n'Ìbàdàn?

Ọ̀gáScanner

Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

P0171 kò sọ pé sensor bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó, pé brain (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) sì ti ń fi epo kún un títí ó fi dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. O2 sensor tó wà níwájú catalytic (àpótí tó ń fọ èéfín mọ́ nínú exhaust) ló jẹ́rìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin wá fẹ́ lé ẹlẹ́rìí kúrò ní kóòtù torí pé ẹjọ́ tó rò kò dùn mọ́ yín. Bó bá jẹ́ òun gan-an ló kú, tàbí tí heater inú rẹ̀ jó, kóòdù tirẹ̀ ni ẹ̀ bá rí, bíi P0130 tàbí P0135.

Ẹ wo ìyá tó ń rokà. Omi ni afẹ́fẹ́, èlùbọ́ ni epo. Igbá tó fi ń wọn omi ni MAF sensor, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí air filter. Ohun tí igbá bá wọ̀n ni brain fi ń mọ iye epo tí nozzle máa tú: gíráàmù epo kan sí gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7. Orógùn tó ń rò ó ni sensor iwájú: òun ló ń mọ̀ pé ọkà yìí rọ̀ jù, kí wọ́n fi èlùbọ́ sí i. Èlùbọ́ àfikún yẹn ni à ń pè ní fuel trim. STFT ni èyí tó ń bù sí i lójú ẹsẹ̀; LTFT ni èyí tó ti mọ́ ọn lára pé ó gbọ́dọ̀ máa bù lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀ tí kò kọjá 10% sókè tàbí sílẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì yá. Ó ti sún mọ́ 25% sókè kí P0171 tó máa ń tàn.

Ìdí nìyí tí títú orí bátìrì kò fi wo nǹkan kan sàn. Ó kàn jẹ́ kí brain gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́ ni. Ó gbà á lọ́jọ́ mẹ́ta láti tún un kọ́, iná sì padà tàn. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ó pa freeze frame rẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà ní ìṣẹ́jú tí kóòdù náà kọ́kọ́ dé: ooru, RPM, iye trim, gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá ELM327 (scanner kékeré) tó ń lo Bluetooth. Ẹ fi í sínú ihò ẹlẹ́sẹ̀ 16 tó wà lábẹ́ dashboard, lápá òsì ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹ so ó mọ́ fóònù Android, ẹ ṣí app Torque. Bí ó bá béèrè PIN, 1234 tàbí 0000 ni. Tó bá jẹ́ iPhone lẹ ní, ẹ ra èyí tó ń lo Wi-Fi, torí ọ̀pọ̀ ELM olówó pọ́ọ́kú oní-Bluetooth kì í bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé 85°C ó kéré tán, ẹ pa AC, kí ẹ wá kọ STFT, LTFT àti MAF sílẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní slow. Ẹ tún kọ ọ́ ní 2500 RPM lórí ìdúró, kí ẹ di ẹsẹ̀ yín mú síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹni kan jókòó tì yín, ẹ gun òkè Mọ́kọ́lá, kí ó máa wo fóònù bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ o! Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, brain kì í gbọ́ ti sensor mọ́, nọ́ńbà tí ẹ bá rí níbẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Ìdajì ẹsẹ̀ ti tó.

Akin_Nozzle

Gbogbo ìṣirò yìí ti pọ̀ jù. Kó fọ nozzle, kó fọ throttle body (ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), ọ̀rọ̀ bùṣe. Epo inú ìlú yìí ti dọ̀tí jù.

Réwáyà_Challenge

Akin, kì í ṣe irọ́ pé epo ń dọ̀tí, àmọ́ ohun tí ỌmọApáta ṣàlàyé kò bá nozzle mu. Nozzle tó dí, pump tó rẹ̀, tàbí sósì (asẹ́ ẹnu pump) tó dọ̀tí nínú táǹkì, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń béèrè epo púpọ̀ ni wọ́n máa ń já èèyàn kulẹ̀, ìyẹn lórí òkè tàbí nígbà tó bá fẹ́ yọ lára tírélà. Ní slow, epo tó ń lò kò tó nǹkan. Pump tó ń kú lọ ṣì lè pèsè ìyẹn. Tirẹ̀ wá yí padà: ó ń ṣe ségesège ní slow, ó dára lórí eré. Ẹ jẹ́ kó mú nọ́ńbà wá ná.

Tó bá jẹ́ lóòótọ́ pé ẹ̀gbẹ́ epo ló ti wá, gauge tó ń wọn agbára epo ló máa sọ ọ́. 1ZZ yìí máa ń fẹ́ 304 sí 343 kPa, ìyẹn 44 sí 50 psi. Kò ní ibi tí wọ́n ti ń fi gauge tẹ valve lórí rail (ọ̀pá tó ń pín epo fún àwọn nozzle) bíi ti àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, nítorí náà àárín ọ́ọ̀sì epo àti rail ni wọ́n máa ń fi T sí. Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ fa fíúsì pump yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ epo á fọ́n sí yín lójú. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, gauge ò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 147 kPa láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá yára ṣubú, nozzle kan ń jò tàbí valve inú pump kò dí mọ́.

Epo àdàlù náà wà lóòótọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2022, NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó epo, fúnra rẹ̀ ló kéde pé methanol pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú epo kan tó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Afẹ́fẹ́ tí gíráàmù methanol kan ń fẹ́ kò ju bíi 6.5 lọ, nígbà tí bẹntiróòlù ń fẹ́ 14.7. Brain tí kò mọ̀ pé methanol ló ń tú á rí i pé epo òun kò tó, á sì máa fi kún un. Àmọ́ irú ìyẹn máa ń gbé trim ga níbi gbogbo ni, ní slow àti lórí eré, kì í yan ibì kan.

ỌmọApáta

Mo ti ṣe é. Ooru 89°C, AC wà ní pípa.

Slow: STFT +4, LTFT +22, MAF 1.9 g/s.
2500 RPM: STFT +1, LTFT +5, MAF 8.1 g/s.
Òkè Mọ́kọ́lá, ìdajì ẹsẹ̀: àpapọ̀ rẹ̀ ń rìn láàárín +2 sí +4.

Ọ̀gáScanner

Ẹ ṣeun. Nọ́ńbà yín ti dáhùn fúnra rẹ̀.

Ẹ padà sídìí ìyá tó ń rokà. Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bu omi sínú ìkòkò, omi tí igbá kò wọ̀n. Ní slow, 26% epo ni brain ń fi kún un. 26% nínú 1.9 jẹ́ nǹkan bí 0.5 g/s. Ní 2500, 6% ló ń fi kún un. 6% nínú 8.1, bí 0.5 náà ni. Ẹ rí i? Omi àyọ́bù yẹn kò yí padà. Ìkòkò ló tóbi sí i, kò fi hàn mọ́. Láti ibì kan láàárín MAF àti orí ẹ́ńjìnnì ni afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé.

Bó bá jẹ́ MAF ló dọ̀tí, á máa ka afẹ́fẹ́ kéré sí bó ṣe jẹ́ níbi gbogbo, trim á sì ga ní slow, ní 2500 àti lórí òkè. Nítorí náà, ẹ fi MAF sílẹ̀. Fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí tí tirẹ̀ sì ga níbi gbogbo: ẹ yọ ọ́, ẹ fi MAF cleaner fọ́n wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó dá a padà. Kì í ṣe carburettor cleaner, kì í ṣe bẹntiróòlù, ẹ sì má fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kàn án láéláé. Wáyà yẹn kò nípọn ju irun orí lọ.

Ó wá ku ká wá ibi tó ń jò. Ìdájí ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Gásíkẹ́ẹ̀tì intake manifold (ọ̀nà tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà) 1ZZ yìí máa ń le bó bá ti dàgbà, á sún kì nígbà tí òtútù bá mú un, á wá fẹ̀ padà dí ojú ihò bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Aago mẹ́fà àárọ̀ nígbà ọyẹ́ ló máa ń fi ara rẹ̀ hàn jù. Slow yín tó ń fò láàárọ̀ tó sì ń rọlẹ̀ tó bá gbóná, ibẹ̀ ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ fi ọwọ́ tẹ rọ́bà ńlá tó ti àpótí air filter lọ sí throttle body, ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ká, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ ló máa ń ya, ojú kì í dé ibẹ̀. Ẹ wo clip rẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó pààrọ̀ air filter tuntun yín yẹn lè má fún un padà dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ sítáàtì, ẹ gbé STFT sójú fóònù, ẹ fi àkísà wé ẹnu pliers kẹ́ ẹ máa fún àwọn ọ́ọ̀sì kéékèèké pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ́ọ̀sì PCV tó ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà láti orí ẹ́ńjìnnì, ti brake booster tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì, ti purge valve tó ń gba òórùn epo láti táǹkì. Èyí tí ẹ bá fún pa tí STFT wá já wálẹ̀ lójijì, òun ni olè náà. Ọ́ọ̀sì PCV máa ń ya níbi tó ti tẹ̀. Ẹ yí i wò yíká, kì í ṣe iwájú nìkan.

Tí gbogbo ìyẹn bá dá, ẹ pọn omi ọṣẹ sínú ike tí wọ́n fi ń fọ́n irun, kẹ́ ẹ fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sí ojú ibi tí manifold ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì, sílíńdà kan lẹ́yìn èkejì. Bó bá dé ojú ihò, omi á dí i fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ìró slow á yí padà. Brake cleaner ló máa ń fi í hàn kíákíá jù, torí ẹ́ńjìnnì máa ń fà á mu bí epo, STFT á sì já sísàlẹ̀ òdo. Àmọ́ iná lẹ ń bá ṣeré yẹn: ẹ́ńjìnnì tútù nìkan, fífọ́n kékeré, fire extinguisher nítòsí, ẹ má sì jẹ́ kó dé ara coil àti wáyà. Àwọn tó ń da bẹntiróòlù sórí manifold láti fi wá ibi tó ń jò, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn.

Réwáyà_Challenge

Kí n fi ọ̀kan kún un. Bí exhaust manifold bá ya níwájú sensor àkọ́kọ́, tàbí tí wẹ́lídà lẹ̀ ẹ́ tí kò di pinpin, afẹ́fẹ́ ìta á máa wọ inú rẹ̀, sensor á sì pariwo pé epo kò tó, bẹ́ẹ̀ epo tó. Ẹ gbọ́ ìró tí-tí-tí láàárọ̀ nígbà tó tutù, tó ń dákẹ́ bó bá gbóná.

Tí iná náà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú dípò kó dúró, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé sílíńdà kan ń tú epo tí kò jó sínú catalytic, á sì yọ́ inú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀, P0172 ni. Èéfín dúdú, epo ń rùn lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì máa ń ṣòro láti sítáàtì tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo kúrò nílé epo. Ọwọ́ ooru kì í kọjá ìlà àkọ́kọ́ bó ti wù kí n rìn jìnnà tó.

Ọ̀gáScanner

Ìyá wa, èlùbọ́ ló pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ ti fa okùn méjèèjì lé wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé wọn.

Ọwọ́ ooru tí kì í gòkè: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ thermostat yín, ìyẹn valve tó ń dá omi radiator dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì níbí ló ń yọ ọ́, wọ́n á ní oòrùn ilẹ̀ wa kò nílò rẹ̀. Ó nílò rẹ̀ o! Thermostat Toyota máa ń ṣí ní nǹkan bí 80 sí 84°C. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa yí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wà ní 60 tàbí 65 lórí eré, brain á máa rò pé ìdájí la ṣì wà, á sì máa tú epo ìdájí. Ẹ gun ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wo ooru lórí scanner. Tí kò bá dé 80, ẹ ra thermostat tuntun pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Bí scanner bá ní ó tutù gan-an nígbà tí ọwọ́ yín kò gba ọ́ọ̀sì radiator mú nítorí ooru, sensor ooru ló ń purọ́.

Ti ilé epo: purge valve ló jọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fa òórùn epo láti inú canister (ike oní-èédú tó ń gba òórùn epo táǹkì) wọ ẹ́ńjìnnì nígbà tí kò yẹ kó ṣí. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára wáyà, ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ. Tí kò bá sí iná lára rẹ̀, atẹ́gùn kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ ilé epo kí wọ́n dúró níbi tí nozzle wọn bá ti dún tá. Bí wọ́n bá ṣe ń fi kún un dẹ́nu, epo gidi ni wọ́n ń rọ sínú canister, èédú inú rẹ̀ kì í padà gbẹ bọ̀rọ̀.

Ẹ fa dipstick yọ, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, epo ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ tún nǹkan wọ̀nyí ṣe tán kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ọ́ìlì, kì í ṣe ṣáájú.

Ìyá_Ìbejì

Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Mo rí i nínú boot ọkọ̀, inú ọ̀rá. Ẹ ṣeun, ọmọ mi.

ỌmọApáta

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti rí i. Rọ́bà ńlá dá. Mo fún ọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, STFT kò mira. Brake cleaner díẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sílíńdà tó gbẹ̀yìn: STFT ti +5 já sí −18, RPM fò sókè. Gásíkẹ́ẹ̀tì intake manifold ni. Mẹkáníìkì ní òun lè fi silicone dí i láìtú u tán. Ṣé kí n gbà?

Ọ̀gáScanner

Ẹ má gbà. Silicone tí wọ́n fi pa ojú òde kò ní pẹ́ ṣí, èyí tó bá sì já wọ inú, ẹ́ńjìnnì á fà á mu. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, oní-rọ́bà, kì í ṣe oní-páálí, kì í ṣe tòkunbọ̀. Kí wọ́n fọ ojú méjèèjì mọ́ pẹ̀lú àkísà, kí wọ́n má fi ọ̀bẹ ha á: ike ni manifold yẹn, ojú rẹ̀ tó bá ti lẹ́là á tún máa jò. Àárín ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bóòtù, kí wọ́n máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀, ní ìpele méjì. Agbára kọ́.

ỌmọApáta

Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Slow ti dúró sí 700 láti ìdájí. Àpapọ̀ trim ní slow +3, ní 2500 +2. MAF tó ń ka 1.9 tẹ́lẹ̀ ní slow ti di 2.4. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àléébù mìíràn?

Ọ̀gáScanner

Rárá o. 1.9 pẹ̀lú 0.5, mélòó ni? Omi tó ń gba ẹ̀yìn wọlé ti ń gba inú igbá kọjá báyìí.

Ẹ fi scanner pa kóòdù náà rẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀, iná á kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tí àléébù kò fara hàn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ wo pending code lórí Torque. Bí àṣìṣe kan bá ń padà bọ̀, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wà kí iná tó tàn. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ní i? Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà rẹ̀.

ỌmọApáta

Mo tẹ̀ ẹ́. Èékánná kò wọlé, ó le bí ike. Ó tún ti pẹlẹbẹ lójú kan, níbi tí mo fọ́n nǹkan sí gẹ́lẹ́.